Báǹkì Gbẹ́sẹ̀ Lé Owó Mi, N Kò Sì Sí Nítòsí: Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti kúrò ní orílẹ̀-èdè tí báǹkì mi wà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí i pé owó jáde nínú àkáùntì mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi kọ́ ni mo sì fi ránṣẹ́. Mo pe báǹkì láti fi tó wọn létí. Dípò kí wọ́n dá owó padà, ńṣe ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo àkáùntì náà. Ní báyìí, n kò lè wọ orí áàpù wọn mọ́, torí pé nọ́ńbà fóònù mi àtijọ́ ni wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà yẹn kò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n yọjú sí ẹ̀ka fúnra mi, bẹ́ẹ̀ n kò lè rìnrìn àjò báyìí. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, owó yín kò tíì wọgbó. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára kéèyàn máa wo owó tó fi òógùn ojú kó jọ, kí ọwọ́ rẹ̀ má tó o, kí ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn sì wà ní òdìkejì òkun. Ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀, kí a jọ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwé yín tó bà mí lẹ́rù ju owó tó jáde lọ: oṣù mẹ́ta ti kọjá, fóònù nìkan ni ẹ sì sọ pé ẹ ń pè.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún 9 ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ní báǹkì kan kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ìpè yín ṣe máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó gbé fóònù yóò tẹ ìlà kan tàbí méjì: "Oníbàárà pè nípa àkáùntì tí a tì. A ní kó lọ sí ẹ̀ka." Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ibi tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí iye ìpè tó bá parí lóòjọ́ ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ti parí ló wà lákọsílẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń jẹ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà bá kọ̀wé, tó sì kọ ọ́ gbangba pé "ẹ̀sùn ni mo fi ń sùn yín", ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé fóònù. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹni tí ìwé náà bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí ọjọ́ lọ láìfèsì, àwọn tó ń ṣàkóso báǹkì lè béèrè ìdí. Ẹni tó wà nílé lè lọ jókòó sí ẹ̀ka títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé yín ni yóò bá yín jókòó síbẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ohun tí ẹ kà lé mi lọ́wọ́: owó tó jáde láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́, àkáùntì tí wọ́n tì, àti nọ́ńbà fóònù tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Òfin tó wà fún ọ̀kan kọ́ ló wà fún èkejì. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, "ẹ wá sí ẹ̀ka" ni wọn yóò fi dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdáhùn yẹn lè bá àkáùntì tí wọ́n tì mu, àmọ́ kò kan owó tó jáde rárá. Kò sí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó lè sọ pé òun kọ́ ni òun fi owó ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà fóònù, torí òun ló ń kọ mí lóminú jù. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù kì í fi nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ sílẹ̀ lásán. Bí àkókò kan bá ti kọjá, wọ́n á tún un tà fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí àjèjì kan máa gba kóòdù báǹkì yín sórí fóònù rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti fi nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí owó gbà jáde nìyẹn, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Lónìí, kí ẹ tó kọ ìwé ẹ̀sùn gan-an, ẹ fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́: kí wọ́n yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fagi lé gbogbo fóònù àti káàdì tó so mọ́ àkáùntì náà, kí wọ́n sì fi ìwé jẹ́rìí sí i pé àwọn ti ṣe é. Ẹ béèrè lẹ́sẹ̀ kan náà pé nọ́ńbà wo ni kóòdù owó méjèèjì lọ sí.

Wọ́n lè bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn pé ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ rí, ẹ wá ímeèlì yẹn jáde. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ má purọ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì fi kún un pé gbígbàgbé láti pààrọ̀ nọ́ńbà kò túmọ̀ sí pé ẹ fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí owó yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, báǹkì tó bá fẹ́ sọ pé ìwà àìbìkítà oníbàárà ti kọjá ààlà ni òfin ní kó mú ẹ̀rí wá. Oníbàárà kọ́ ni yóò máa wá ẹ̀rí pé òun jẹ́ aláìlẹ́bi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ojú tì láti sọ àṣìṣe kékeré tiwọn, tí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ dákẹ́ lórí owó ńlá.

Ó kan àkáùntì tí wọ́n tì. Ìdí tí báǹkì fi ń ti àkáùntì ẹni tó wà lókè òkun kì í sábà jẹ́ ẹ̀tanú, ó sì dáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, torí bí ẹ ó ṣe tú u wà lọ́wọ́ ìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ bíi tiyín ni ìdáàbòbò: ẹ ní olè wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Irú èyí máa ń ṣí bí wọ́n bá ti dá yín mọ̀ dáadáa. Ìdí kejì ni ọ̀rọ̀ owó orí. Láti ìgbà tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan lórí ọ̀rọ̀ ajé, ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 2014 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa fi ọ̀rọ̀ àkáùntì àwọn àjèjì tó ara wọn létí, báǹkì ní láti mọ ibi tí oníbàárà ti ń san owó orí. Wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, àmọ́ àdírẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ti kó kúrò níbẹ̀ kò ní rí i, bí kò bá sì dáhùn, wọ́n lè ti àkáùntì. Ẹ bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ yín.

Ìdí kẹta ló le jù, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè sọ ohunkóhun. Bí báǹkì bá fura pé owó kan kò mọ́, òfin lè pa á láṣẹ pé kó fi tó ìjọba létí, kó má sì sọ fún oníbàárà pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Proceeds of Crime Act ti ọdún 2002 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí báǹkì bá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó tó fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀, ìjọba ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 31 mìíràn lè tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ sì lè sún un síwájú. Bí ẹ bá ń gbọ́ "ó wà lábẹ́ àyẹ̀wò" lẹ́nu gbogbo ẹni tó gbé fóònù, tí kò sí ẹni tó lè sọ àyẹ̀wò kí ni, ó lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ariwo kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ìwé tó fi hàn ibi tí owó inú àkáùntì ti wá ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè: ìwé owó oṣù, ìwé ilé tàbí ọkọ̀ tí ẹ tà, ohunkóhun tó bá jẹ́.

Ìwé ẹ̀sùn wá kàn. Kó má ju ojú ewé kan lọ. Àwọn tó ń kà á ń ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ lóòjọ́, ìwé tó bá gùn tó ojú ewé mẹ́fà, tó kún fún ìbínú, ìparí rẹ̀ ni wọ́n ń sáré wò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní, torí mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú àwọn ojú ewé tí n kò kà dáadáa. Báyìí ni kí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ̀sùn ni mo fi ń sùn yín, mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn àti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, iye owó báyìí jáde nínú àkáùntì mi. Èmi kọ́ ni mo fi ránṣẹ́, n kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ní ọjọ́ báyìí, mo pè yín láti fi tó yín létí. Ẹni tó dá mi lóhùn ń jẹ́ báyìí. Láti ọjọ́ náà, àkáùntì mi wà ní títì, ẹ kò sì sọ ìdí fún mi nínú ìwé."

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n dá owó méjèèjì padà pẹ̀lú owó ìtanràn tàbí èlé tó bá tìdí rẹ̀ yọ, kí wọ́n sọ nínú ìwé ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n tó ṣí àkáùntì, àti ọ̀nà tí ẹni tó wà lókè òkun lè gbà mú un wá, kí wọ́n sì fún yín ní ìdáhùn ìkẹyìn nínú ìwé bí wọn kò bá gbà. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn "ìdáhùn ìkẹyìn" yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ àjọ onílàjà, àwọn tó ń parí ìjà láàárín báǹkì àti oníbàárà, máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́nà méjì, nípasẹ̀ ímeèlì sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, àti nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gba ìfọwọ́sí ẹni tó gba ìwé, sí olú ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ má fi sí ẹ̀ka. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Bí ẹ bá tún fẹ́ pè wọ́n, ẹ pè, àmọ́ láàárín wákàtí kan tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ fi ímeèlì tẹ̀ lé e: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́ lórí fóònù lónìí, ẹ sọ pé báyìí báyìí." Bí wọn kò bá ta kò ó, ó ti di àkọsílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ agogo ti ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ yín nìkan. Mo ti rí ẹjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ nítorí pé oníbàárà kọ ọjọ́ Tuesday, ìwé báǹkì sì kọ Monday, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ agogo láàárín ilẹ̀ méjèèjì ló fà á.

Ní ti "ẹ wá fúnra yín", ìlànà inú ilé iṣẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òfin. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ó wà nínú òfin tàbí nínú àdéhùn àkáùntì hàn yín. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn, torí "kò sí" ni wọn yóò sọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ọ̀nà náà kalẹ̀: kí wọ́n rí ojú yín lórí fídíò pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ yín, tàbí kí ẹ fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tì tí notary public (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) ti fọwọ́ sí ránṣẹ́, tàbí kí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè yín jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí yín. Bí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé àti ti báǹkì bá wà nínú Àdéhùn Hague ti ọdún 1961, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gba ìwé ara wọn, òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní apostille ti tó lórí ìwé tí notary bá ti fọwọ́ sí. Kánádà wọlé sínú àdéhùn yẹn ní January 2024, Ṣáínà ní November 2023. Bí ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣojú ni ẹ óò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má náwó sórí ìkankan kí báǹkì tó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yóò gbà á. Èèyàn pọ̀ tó ti sanwó òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí pé ẹni tó gbé fóònù ló sọ fún wọn pé ó dáa.

Ẹ kò dárúkọ orílẹ̀-èdè tí báǹkì yín wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹjọ́ yìí wà. Ibi tí báǹkì ti gba ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ń mú un, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣi èyí gbé. Wọ́n á rí orúkọ báǹkì wọn lára ilé kan ní ìlú tí wọ́n wà, wọ́n á wọlé, wọ́n á sọ tẹnu wọn, inú á sì bí wọn pé wọn kò rí ìrànlọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni lójú òfin, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọ ara wọn. Wọn kò lè rí àkáùntì yín lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọwọ́ yín le. Báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó tí ẹ kò fi ránṣẹ́ padà kó tó di òpin ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ fi tó o létí, àfi bó bá ní ìdí gidi láti fura sí ẹ̀yin alára. Iye tí wọ́n lè ní kí ẹ fara mọ́ kì í ju £35 lọ, bí kò bá sí jìbìtì tàbí àìbìkítà tó kọjá ààlà lọ́wọ́ yín. Oṣù 13 ni ẹ ní láti sọ fún wọn, láti ọjọ́ tí owó jáde. Fún ẹ̀sùn nípa owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n ní láti dáhùn, ó lè di 35 bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Fún àwọn ẹ̀sùn mìíràn, ọ̀sẹ̀ 8. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn kò dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ onílàjà wọn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ẹ máa gbé ibẹ̀. Bí ẹ bá fara mọ́ ìdájọ́ wọn, báǹkì kò lè kọ̀ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ìdáhùn ìkẹyìn bá dé, oṣù 6 péré ni ẹ ní, ìwé yẹn sì lè wà ní àdírẹ́sì àtijọ́ yín báyìí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ bi báǹkì pé ṣé wọ́n ti fi ìkankan ránṣẹ́.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, òfin wọn lórí owó tí ẹ kò fi ránṣẹ́ sún mọ́ èyí gan-an: oṣù 13, ọjọ́ iṣẹ́ 15, àmọ́ €50 ni wọ́n fi dípò £35. Bí ẹ bá ń gbé orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀, tí báǹkì wà ní òmíràn níbẹ̀, àjọṣe àwọn onílàjà tí wọ́n ń pè ní FIN-NET, tó ti wà láti ọdún 2001, yóò júwe ẹni tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ yín.

Amẹ́ríkà ni ibi tí oṣù mẹ́ta yín ti lè ṣèpalára jù. Lábẹ́ Regulation E, òfin wọn lórí owó tí a fi ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti ọjọ́ tí báǹkì fi sítétímẹ́ǹtì tí owó náà hàn nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ ti pè wọ́n, ìyẹn sì wúlò, torí òfin náà gba ìpè fóònù. Ṣùgbọ́n báǹkì lè sọ pé kí ẹ fi ìwé tì í lẹ́yìn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, bí ẹ kò bá sì ṣe é, wọn kò ní dandan láti dá owó padà sọ́wọ́ yín nígbà tí àyẹ̀wò bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ rántí bóyá ẹni tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láìsí ìyẹn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti parí àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá fẹ́ lò tó ọjọ́ 45, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi owó náà padà sínú àkáùntì. Bó bá jẹ́ láti ìta Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fa owó náà, 45 yẹn di 90. Nǹkan kan tún wà nínú òfin yẹn tí ẹni tó wà lókè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀: bó bá jẹ́ pé ìrìn àjò gígùn tàbí àìsàn tó gbé ènìyàn dè sí ilé ìwòsàn ni kò jẹ́ kó tètè sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní àfikún àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú. Kánádà: ọjọ́ 56 fún báǹkì láti dáhùn, lẹ́yìn náà OBSI, àjọ onílàjà wọn, tó ti di àjọ kan ṣoṣo fún gbogbo báǹkì wọn láti November 1, 2024. Ọsirélíà: ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà AFCA, àjọ onílàjà tiwọn. Íńdíà: ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà Ombudsman (onílàjà) ti Reserve Bank, báǹkì àpapọ̀ wọn, tí wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ sójú kan ní ọdún 2021. Nàìjíríà: ọ̀sẹ̀ méjì fún báǹkì, lẹ́yìn náà ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àpapọ̀, CBN. Gbogbo wọn ló fẹ́ rí i pé báǹkì ni ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ẹ bá lọ bá wọn kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò dá yín padà, ẹ ó sì ti pàdánù àkókò.

Bó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n fi yọ owó, kì í ṣe tíransífà, ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ fóònù kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ìlànà Visa àti Mastercard fún báǹkì láyè láti gba owó padà lọ́wọ́ báǹkì ẹni tó gbà á, àmọ́ ọjọ́ 120 ni gbèdéke rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ tíransífà sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ béèrè fún nọ́ńbà UETR rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń tọpa owó láti báǹkì kan sí èkejì lórí SWIFT, ẹ̀rọ tí àwọn báǹkì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, báǹkì yín sì lè fi rí ibi tí owó náà dé dúró.

Ohun ìjà kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an fún ẹni tó wà níbi jíjìn. Ní European Union àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà gbogbo ohun tí báǹkì ní nípa yín, lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín oṣù kan. Ẹ má kàn ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ pè, irú fóònù tí wọ́n fi wọlé lọ́jọ́ tí owó jáde, àdírẹ́sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà tó lè fi ibi tó ti wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn), wákàtí tó wọlé, àti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ fóònù yẹn sílẹ̀. Bí IP náà bá fi hàn pé ìlú kan tí ẹ kò tẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti wọlé, tí ẹ sì so ìwé ibi iṣẹ́ yín mọ́ ọn, èyí tó fi hàn pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí yẹn gan-an ní orílẹ̀-èdè mìíràn, yóò ṣòro fún wọn láti sọ pé ẹ̀yin ni. Obìnrin kan tí mo ràn lọ́wọ́ rí i nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé wọ́n so fóònù tuntun mọ́ àkáùntì rẹ̀ ní aago 3:12 òru, owó àkọ́kọ́ sì jáde ní 3:19. Ìṣẹ́jú méje. Báǹkì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ fún un pé òun ló fi owó ránṣẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n fi dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn lè bá yín gba owó padà, tí wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń wá ẹni tí wọ́n ti jà lólè kiri, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi báǹkì. Àwọn àjọ onílàjà tí mo kà sókè yìí kì í sábà gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Bí báǹkì bá sì fi owó díẹ̀ lọ̀ yín pé kí ẹ gbà á kí ọ̀rọ̀ parí, ẹ ka ìwé náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ìfọwọ́sí yẹn lè ti ilẹ̀kùn onílàjà mọ́ yín.

Ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí báǹkì lè ṣojú yín, àmọ́ ẹ má fún un ní ìwé àṣẹ tó kan gbogbo ohun ìní yín. Kí ìwé náà dárúkọ àkáùntì yìí nìkan, kó sọ pé ó lè gba ìwé kó sì béèrè ìbéèrè, kó má lè yọ owó, kó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ilé ẹjọ́ ni ibi ìkẹyìn. N kò ní gùn lórí rẹ̀, torí n kò rò pé ọ̀rọ̀ yín yóò dé ibẹ̀, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ nílò agbẹjọ́rò tó mọ òfin orílẹ̀-èdè yẹn.

Nítorí náà, lálẹ́ òní: ímeèlì nípa nọ́ńbà fóònù. Lọ́la: ìwé ẹ̀sùn ojú ewé kan. Tí nọ́ńbà ẹ̀sùn bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí báǹkì náà wà, ọjọ́ tí owó kejì jáde, àti bóyá káàdì ni tàbí tíransífà. Màá bá yín ka iye ọjọ́ tó kù.